Gbólóhùn Kan Tó Ń Pòórá Lórí Ìkànnì Ìjọ Wa

                                                            Ilé Kejìdínlógún,
                                                            Ẹ̀yìn Ilé Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀,
                                                            Kpakungu, Minna,
                                                            Ìpínlẹ̀ Niger.
                                                            Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹwàá, Ọdún 2008.

Àǹtí Adétutù mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni ìwé mi bá yín? Orúnkún tó ń dùn yín ńkọ́, ṣé ẹ ti ń gun àtẹ̀gùn ilé yín láìdi ògiri mú? Máyọ̀wá ọmọ yín ńkọ́ ní ìlú òyìnbó tó wà, ṣé òtútù ò mú un jù? Ṣé àwọn ará ilé ń jẹ, ṣé wọ́n ń mu? Níbí, òjò ti ń palẹ̀ mọ́, eruku sì ti ń yọjú ní Kpakungu. Èmi náà wà. Mò ń jẹun, mò ń ṣe iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n oorun mi ti dín kù, ohun tó sì dín in kù ló mú mi kọ ìwé yìí.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí mi ò tẹ̀ yín láago. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ yín. Lórí fóònù, ẹ máa ń rẹ́rìn-ín kọjá ọ̀rọ̀ tí ẹ ò bá fẹ́ dáhùn, kí n sì tó mọ̀, a ti ń sọ̀rọ̀ bí iṣu ṣe wọ́n. Mi ò sì fi í-meèlì ránṣẹ́, nítorí ọkàn mi ti kúrò lára ohunkóhun tí a bá fi kọ̀ǹpútà kọ. Ohun tí a fi bírò kọ, ẹni tó bá fẹ́ pa á rẹ́ ní láti kọ́kọ́ di bébà rẹ̀ mú.

Mo ti sọ fún yín nígbà kan pé ìjọ wa ń múra ayẹyẹ àádọ́rin ọdún rẹ̀, àti pé Pásítọ̀ ní kí a ní ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí àwọn ọmọ ìjọ tó ti fọ́n ká lè máa ka ìtàn wa níbi yòówù kí wọ́n wà. Àwa mẹ́ta ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́: Díákónì James, tó jẹ́ alága, Bàbá Níyì, tó bá àwọn bàbá wa ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí ẹ̀yin náà mọ̀ dáadáa, àti èmi, nítorí mo ti fi ọdún mẹ́tàlélógún tẹ taípù ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì gbà pé ẹni tó bá mọ taípù ti mọ kọ̀ǹpútà nìyẹn. Wọn ò tilẹ̀ bi mí.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Roseline ló ṣe ìkànnì náà fún wa. Ó ní ilé kọ̀ǹpútà kan ní Bosso, nítòsí yunifásítì. Ọmọ Gwari ni, kò gbọ́ Yorùbá kọjá "ẹ káàárọ̀", Háúsá la fi ń bára wa sọ̀rọ̀. Oṣù Kẹta ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìkànnì ní ojú ilé, tí gbogbo ayé ń rí, ó sì ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí àwọn tó ni kọ́kọ́rọ́ nìkan ń wọ̀. Ẹ̀yìn ilé yẹn ni a ti ń kọ nǹkan. Bí o bá kọ ọ́ tán, á wà níbẹ̀ láìsí ẹni tó rí i, àfi ìgbà tí o bá tẹ bọ́tìnì ìgbéjáde. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti di ti gbogbo ayé.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tètè yé mi, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Mo bi Roseline pé níbo gan-an ni ohun tí mo kọ ń sùn sí nígbà tí mo bá ti lọ sílé. Ó ní Amẹ́ríkà ni, nínú ẹ̀rọ kan. Mo ní ta ló ń ṣọ́ ẹ̀rọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Haba Mama, babu komai!", pé kò sí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn tó bá ń sọ pé kò sí nǹkan kan ni mo máa ń fura sí jù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń tẹ gbogbo ohun tí mo bá kọ sórí bébà, tí mo sì ń fi í sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ẹ rántí àpótí irin tí ìwé ilẹ̀ ìjọ wà nínú rẹ̀. Àgádágodo mẹ́ta ló ní, kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lọ́wọ́ èèyàn mẹ́ta, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá ṣí i. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ayé àwọn bàbá wa nìyẹn, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń ṣe é di òní. Nígbà tó di oṣù Kẹrin, tí Roseline ní kí ìgbìmọ̀ wá mú páásíwọ̀ọ̀dù tí a ó máa fi wọ ẹ̀yìn ilé, Díákónì James ní kí a pín in sọ́nà mẹ́ta bíi ti àpótí. Roseline bẹ̀ wá pé kálukú lè ní orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀. A kọ̀. Báwo lẹnì kan á ṣe dá wọ inú ìtàn ìjọ?

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Bí a bá fẹ́ kọ ohunkóhun, kódà bó jẹ́ àkókò ìpàdé akọrin, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wọ ọkọ̀ lọ sí Bosso. Díákónì James á jókòó, á fi ìka kan ṣoṣo tẹ apá tirẹ̀; èmi àti Bàbá Níyì á kọjú sí ògiri. Á dìde, èmi á jókòó. Èmi náà á dìde, Bàbá Níyì á jókòó. Àmì róbótó-róbótó ni kọ̀ǹpútà sì fi ń bo gbogbo ohun tí a tẹ̀, nítorí náà bó bá ní kò tọ̀nà, kò sẹ́ni tó mọ apá ta ló bàjẹ́. Kálukú á máa búra pé tòun kọ́. Ìgbà kan wà tí a gbìyànjú rẹ̀ nígbà mẹ́jọ, tí Díákónì James bínú jáde lọ ra ẹ̀pà. Roseline á kàn fọwọ́ bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀ sí i. Mo gbà pé ibi tí àgádágodo mẹ́ta bá wà, olè á sinmi.

Ní oṣù Keje, a gbé ìtàn ìjọ jáde. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí èmi fúnra mi kọ: "Ní ọdún 1961, Ìyá Fọláwùnmí ló kọ́kọ́ kó àwọn obìnrin jọ sínú yàrá rẹ̀ ní kọ́tà rélùwéè, tó ń kọ́ wọn ní ABD kí wọ́n lè ka Bíbélì fúnra wọn." Ẹ mọ̀ pé Màámi ò kọ́lé, orúkọ wọn ò sì sí lára ohunkóhun nílùú yìí. Gbólóhùn yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n ní. Nígbà tí a tẹ bọ́tìnì ìgbéjáde, tí mo rí orúkọ wọn lójú ilé, mo sunkún níwájú Roseline bí ọmọdé.

Ní ìdajì oṣù Kẹjọ, mo ṣí ìkànnì náà láti fi han ọmọ mi, Ayọ̀olúwa. Gbólóhùn náà kò sí níbẹ̀ mọ́. Èyí tó wà níwájú rẹ̀ àti èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti sún mọ́ ara wọn bíi pé kò sí nǹkan kan láàárín wọn rí. Mo rò pé èmi ni mo ṣi nǹkan tẹ̀. Mo kó ìgbìmọ̀ jọ, a kọjú sí ògiri, a dá a padà. Kí oṣù tó parí, ó tún ti lọ. A tún dá a padà. Nígbà tó fi di ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án, ó lọ nígbà kẹta. Kò sí ohun mìíràn tó kúrò níbẹ̀ o, ì báà ṣe àmì ìdánudúró kan. Ti ìyá mi nìkan.

Mo wá jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo kọ́kọ́ fura sí Roseline, ṣùgbọ́n kò lè ka Yorùbá, kò sì mọ ìyá ẹnikẹ́ni nínú wa. Mo fura sí Díákónì James, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ìka kan wá lẹ́tà fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ìgbà wo ni yóò pa odidi gbólóhùn rẹ́? Ó ku Bàbá Níyì. Kò ṣi apá páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀ tẹ̀ rí. Níyì ọmọ rẹ̀ ti ra kọ̀ǹpútà sílé fún un. Ìyàwó rẹ̀ tó ti dolóògbé àti Màámi sì jọ du ipò Ìyá Ẹgbẹ́ láyé ọjọ́sí, ẹ̀yin náà mọ bí ìjà ọ̀hún ṣe rí. Mo tún rántí pé mo rí i lọ́jọ́ kan tó yí ọrùn padà nígbà tí mò ń tẹ tèmi. Ó ní ọrùn ló ń dun òun. Mo sọ nínú ara mi pé bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani, mo sì gba ohun tí mo sọ gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, níwájú gbogbo díákónì, mo dìde. Mo mú àwọn bébà tí mo ti ń kó sábẹ́ ìrọ̀rí jáde, mo fi hàn wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì sọ pé Bàbá Níyì ti jí apá páásíwọ̀ọ̀dù tiwa wò, òun ló ń pa orúkọ ìyá mi rẹ́. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu mi. Ẹyin lọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, mi ò rántí ẹyin kankan.

Bàbá náà kò pariwo. Ó fa kọ́kọ́rọ́ àpótí yọ kúrò lára àwọn kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, "Fọláwùnmí, láti ìgbà tí bàbá rẹ wà láyé ni mo ti ń ṣọ́ àpótí yìí." Ó jáde. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta ti kọjá báyìí, àga rẹ̀ ṣófo. Ìpàdé díákónì sì ti wà nílẹ̀ fún ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, níbi tí wọn yóò ti gba oyè díákónì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo dá lọ sọ́dọ̀ Roseline kí ó bá mi yí páásíwọ̀ọ̀dù padà. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Ó wò mí, ó ní ṣé mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ojú ìwé náà rí ni. Mi ò tíì dé ibẹ̀ rí. Láti oṣù Kẹta tí mo ti ń kọ́ ọ, mi ò kọjá bọ́tìnì ìgbéjáde. Ohun tí wọn ò bá fi hàn mí, mi ò kì í fọwọ́ kàn án. Roseline fa ojú ìwé náà wálẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan wà níbẹ̀: gbogbo àtúnṣe tí a ti ṣe, ọjọ́ tí a ṣe é, wákàtí rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó ṣe é. Ó ní láti oṣù Keje tí òun ti sọ ìkànnì náà di tuntun ló ti ń kọ wọ́n sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

Orúkọ ìgbìmọ̀ pọ̀ níbẹ̀. Láàárín rẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀mẹta, orúkọ mìíràn wà. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ. Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹjọ. Ogúnjọ́ oṣù Kẹsàn-án. Sátidé ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láàárín aago mọ́kànlá sí aago méjìlá ọ̀sán, ìgbà tí ẹ máa ń lọ sí ilé kọ̀ǹpútà láti kọ̀wé sí Máyọ̀wá. Adétutù ni orúkọ náà.

Mo ní kí Roseline sọ fún mi bí orúkọ yín ṣe débẹ̀. Ó ní, "Mama, ke kika ce in ba ta." Èmi ni mo ní kó fún yín. Ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹta, kí ọ̀rọ̀ àgádágodo mẹ́ta tó délẹ̀, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣí ọ̀nà kan fún yín kí ẹ lè fi àwọn fọ́tò àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ yín síbẹ̀ láti Ìbàdàn. Ẹ fi mẹ́rin ránṣẹ́, mo dúpẹ́, mo sì gbàgbé. Bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Èmi ni mo la ògiri, tí mo wá ń fi àgbàlagbà mẹ́ta ṣọ́ ilẹ̀kùn iwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé?

Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Ní ọdún 1961, ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí. Ẹ̀yin ti pé mẹ́sàn-án. Yàrá wa àti tiyín kọjú síra ní kọ́tà. Mo rántí àwọn obìnrin tó jókòó sórí ẹní, mo rántí ohùn wọn bí wọ́n ṣe ń pe a, b, d, bíi pé wọ́n ń kọrin. Mi ò rántí pé yàrá ta ni. Màámi ló sọ fún mi pé yàrá àwọn ni, ìgbà tí wọ́n sì sọ ọ́, wọ́n ti darúgbó, wọ́n ti ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Ṣé yàrá ìyá yín ni? Ṣé ìyá yín ló kọ́ àwọn obìnrin náà, títí kan ìyá tèmi? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, yóò dùn mí, irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní kò ní dùn mí, ṣùgbọ́n màá gbà á. Ohun tí mi ò lè gbà ni pé ẹ ò kọ orúkọ wọn síbẹ̀, ẹ ò sì pè mí. Ẹni tó ń gba ohun tirẹ̀ padà kì í yọ́ wọlé.

Ohun kan wà tó tún dùn mí ju ìyẹn lọ. Ní oṣù Kẹjọ, mo tẹ̀ yín láago pé gbólóhùn Màámi ti pòórá, ẹ ní ẹ̀rọ ni, ẹ̀rọ kì í ṣe èèyàn. Ní oṣù Kẹsàn-án, mo tẹ̀ yín láago pé Bàbá Níyì ni, pé mo ti sọ ọ́ níwájú gbogbo díákónì. Ẹ bi mí pé èló ni wọ́n ń ta iṣu ní Minna. Ẹ mọ̀ pé òun kọ́, ẹ sì jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀.

Ní Sátidé, mo lọ bá Bàbá Níyì ní Chanchaga. Oko ọkà bàbà rẹ̀ tó wà létí odò ni mo bá a. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. Mo ní mo ti rí i pé kì í ṣe òun, kó dákun, kó foríjì mí. Ó ní ta wá ni. Mo ní mi ò tíì lè sọ. Ó gbé mi dìde, ó gbọn ẹrẹ̀ ara ìró mi dànù bíi pé ọmọ rẹ̀ ni mí, ó wá ní, "Mo ti foríjì ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi tí o ti dá mi lẹ́bi ni kí o ti dá mi láre. Èyí tí o sọ fún mi létí odò yìí, ta ló gbọ́ ọ?" Òótọ́ ló sọ.

Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, màá dìde níbi tí mo ti dìde lọ́jọ́sí. Màá sọ pé èmi ni mo ṣí ọ̀nà sílẹ̀, màá sì bẹ Bàbá Níyì níwájú àwọn tí mo ti bà á jẹ́ lójú wọn. Roseline bi mí bóyá kí òun yọ orúkọ yín kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀ di Sátidé tó ṣáájú ìpàdé náà. Mi ò tún gbólóhùn náà kọ mọ́. Àyè rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí òtítọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọlé lọ kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ lórúkọ ara yín, kí gbogbo ìjọ rí i pé ẹ̀yin ni. Bó bá jẹ́ orúkọ ìyá yín ló yẹ kó wà níbẹ̀, mo ṣèlérí pé ọwọ́ mi ò ní kàn án.

Awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo sì lẹ ẹnu rẹ̀ pa lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ bá mi kí Máyọ̀wá nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sí i. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé yín gbogbo. Ayọ̀olúwa ní kí n bá òun kí yín, ẹ̀yin màmá òun tó wà ní Ìbàdàn. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún un.

Bí mo bá sọ̀rọ̀ tán lọ́jọ́ náà, wọn yóò bi mí pé ta ni, mi ò sì ní purọ́ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kí n tó sọ ọ́.

                                                            Èmi ni àbúrò yín síbẹ̀síbẹ̀,
                                                            Fọláwùnmí.